Ìlà Orí Àpìkẹ́

Ẹni bá pàdé mi lójú ọ̀nà tí mo ru garawa omi tí mo sì ń jó, kó má bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n ṣe dá mi nìyẹn. Ìyá mi máa ń sọ pé ẹkún ni àwọn ọmọ yòókù ń sun wáyé, pé èmi orin ni mo gbé bọ̀. Irọ́ ni ṣá, àmọ́ irọ́ tó dùn létí ni.

Ohùn mi ni mo bá wáyé,
Àlàáfíà ni mo wá wá,
Ẹni bá gbọ́ kó gbè é,
Ẹni ò gbọ́ kó yàgò.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò dùn bí orin. Ọkùnrin kan ló dà mí. Kì í ṣe ọkọ mi, kì í ṣe àlè mi, kì í ṣe ìbátan mi. Bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ni, mi ò bá ti gbàgbé, nítorí irú àwọn yẹn máa ń dani, ayé sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tó dà mí yìí, òun ni mo fi orí mi pamọ́ sí lọ́wọ́.

Ilé bàbá mi wà ní Òkè Baálẹ̀, l'Óṣogbo. Mùtàlíbù ni wọ́n ń pe bàbá mi, ọrùn agbádá ló ń ṣe ọnà sí. Ní ọdún 1961, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá gba yàrá nílé wa. Ọmọ Iléṣà ni, Ọlọ́rundáre ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbẹ̀. Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é. Èmi kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ nígbà náà. Ìwé méjì péré ni mo kà kí n tó padà sílé, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ti wákà, èmi ni wọ́n ń fi síwájú. Lẹ́yìn ìrun alásàrí, ẹgbẹ́ wa á pé sí àgbàlá bàbá mi, a ó máa kọ orin, a ó máa pàtẹ́wọ́ sí i.

Tíṣà á gbé àga jáde, á gbé àwo iyán lé itan. Àgbékẹ́, ọ̀rẹ́ mi tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, á ní:

"Tíṣà, ṣé ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà ò lè gbọ́ orin kí iyán má sí lẹ́nu yín?"

"Iyán nìkan ni mo ní, Àgbékẹ́. Orin yín ni mo fi ń ṣọbẹ̀."

"Ọbẹ̀ wa ò níyọ̀ o!"

"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo ti mú iyọ̀ bọ̀ láti Iléṣà."

Bẹ́ẹ̀ la ó ṣe máa rẹ́rìn-ín. Àmọ́ kì í ṣe orin ni Tíṣà ń gbọ́ gan-an, àtẹ́wọ́ wa ló ń ṣọ́. Lọ́jọ́ kan ó bi wá pé ta ló ń sọ fún wa ìgbà tó yẹ kí ọwọ́ wa pàdé. A ní kò sẹ́ni. Ó ní kí oníkálukú máa pa tirẹ̀ bó ṣe wù ú, kí ẹnì kankan má wo ẹnì kejì. A bẹ̀rẹ̀, ó rí játijàti bí òjò tó ń bọ́ sórí páànù. Kò pẹ́, láìsí ẹni tó pàṣẹ, ọwọ́ gbogbo wa ti di ọ̀kan ṣoṣo. Tíṣà fò dìde, iyán dà nù.

"Ẹ wò ó! Ẹ wò ó! Kò sí olórí!"

"Orí yín ló dàrú," ni Àgbékẹ́ wí.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀. Mo ní wárápá. Láti kékeré ni. Nígbà náà, bí irú rẹ̀ bá jáde nípa ènìyàn, kò sẹ́ni tí yóò bá a mu nínú ife kan náà mọ́, nítorí wọ́n gbà pé itọ́ ẹnu rẹ̀ á ran ẹlòmíràn. Tí wọ́n bá sì fẹ́ fẹ́ ọmọ ní ilẹ̀ wa, ìwádìí ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe. Wọ́n á yọ́ wọ àdúgbò, wọ́n á bi aládùúgbò léèrè: ṣé kò sí wèrè nílé náà, ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀, ṣé kò sí wárápá? Bí wọ́n bá gbọ́ ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n á gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ìdí nìyẹn tí ìyá mi fi bò mí mọ́lẹ̀. Òun àti bàbá mi nìkan ló mọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, gbogbo ilé ti lọ sí Ọjà Ọba, mo ṣubú lẹ́bàá kànga. Ìgbà tí ojú mi wálẹ̀, kóòtù tí Tíṣà fi ń lọ sílé ìwé ló wà lábẹ́ orí mi. Ó ti fi omi nu ẹnu mi. Ó jókòó sí ìtòsí, ó kọjú sí ògiri, kí ìtìjú má bàa pa mí. Oríkì mi ló fi pè mí, kò pè mí ní Raliat.

"Àpìkẹ́, mi ò rí nǹkan kan o."

Nígbà tí ìyá mi dé, tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó kúnlẹ̀ fún ọmọ tí òun lè bí. Tíṣà wọlé, ó gbé Bíbélì rẹ̀ jáde, ó gbé ọwọ́ lé e níwájú wa: "Ẹnu mi kò ní dárúkọ Raliat mọ́ ọ̀rọ̀ yìí láéláé." Ìyá mi ní àmín, ó ní àmínà, ó ní àṣẹ.

Tíṣà lọ sí yunifásítì, láti ibẹ̀ ó kọjá sí òkè òkun. Ìgbà tí ogun parí, ní 1970, ló tó padà wá sí Òkè Baálẹ̀, tòun ti irùngbọ̀n. Ó ti gboyè tó ga nínú ìṣirò, ó ti di olùkọ́ ní yunifásítì. Ó jókòó ti ìyá mi, ó ń ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní inú ọpọlọ ènìyàn, àwọn ohun kéékèèké kan wà níbẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí, wọ́n pọ̀ ju èèrà lọ, wọ́n sì ní iṣan tín-ín-rín tí wọ́n fi ń ké sí ara wọn. Ọ̀kan á ké, èkejì á gbè é, ẹ̀kẹta á dákẹ́. Bí wọ́n ṣe ń ké tí wọ́n ń dákẹ́ yìí, ìlànà wà níbẹ̀, òun sì ń fi ìṣirò wá ìlànà náà.

"Àtẹ́wọ́ yín ni mò ń bá kiri láti ọjọ́ yìí wá," ló wí.

Ó wá bẹ̀ mí pé kí n bá òun lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan tí ẹ̀rọ wà tó ń ya ohun tó ń lọ nínú orí sórí ìwé. Ó ní orúkọ mi kò ní jáde, pé "orí kìíní" ni òun yóò máa pè mí. Mo tẹ̀ lé e. Ta ni mi ò bá tẹ̀ lé? Wọ́n lẹ okùn wẹ́wẹ́ mọ́ mi lórí bí ìgbà tí wọ́n ń di kòlẹ́sẹ̀ fún ọmọdé, mo sì ń kọrin lábẹ́lẹ̀:

Orí mi, má tijú àlejò,
Jẹ́ kí wọ́n wò ọ́, má bẹ̀rù,
A jọ dé ni, a ó jọ lọ,
Ohun tí ẹ ń wá, kò sí lójú.

Pẹ́ẹ̀nì kéékèèké ń sáré lórí ìwé bí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá mi. Níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí yẹn náà ni wárápá ti gbé mi. Nígbà tí mo jí, Tíṣà tẹ́ ìwé náà sílẹ̀. Àwọn ìlà kan wà tí wọ́n ń lọ ségesège, oníkálukú ń ṣe tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn gòkè pọ̀, wọ́n sọ̀kalẹ̀ pọ̀, wọ́n gòkè pọ̀, ó lẹ́wà. Mo ní ibí yìí ló wù mí jù, pé orí mi ti rí orin níbẹ̀.

"Ibẹ̀ gan-an lo ti ṣubú, Àpìkẹ́. Nínú orí, bí gbogbo wọn bá pàtẹ́wọ́ pọ̀, ìṣubú dé. Orí tó dá ṣáká, ariwo Ọjà Ọba ló ń pa."

Mo rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi ní kí n dákẹ́. Ẹ gbọ́ o, ohun tó dára lẹ́nu àwọn olórin, òun ló burú nínú orí olórin! Mi ò ní purọ́ mọ́ Tíṣà: òun ló mú mi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó fún mi ní oògùn oníhóró. Láti ìgbà tí mo ti ń lò ó, ìṣubú dín kù, ó sì tán.

Oògùn yẹn ló fún mi láyà. Mo ti ń lé ọkọ sẹ́yìn tipẹ́ nítorí ìwádìí. Mùyídéènì, àbúrò Àgbékẹ́, tó ń tún rédíò ṣe nítòsí Ọjà Ọba, kò yéé yọjú. Mo gbà fún un. Nígbà tí àwọn ẹbí rẹ̀ ní àwọn fẹ́ ṣe ìwádìí, Àgbékẹ́ pariwo mọ́ wọn: "Ìwádìí kí ni? Ẹni tí a jọ ń jẹ, tí a jọ ń mu? Ẹ fi Raliat sílẹ̀ jàre!" Wọ́n mú ọjọ́ yìgì sí ẹ̀yìn ààwẹ̀ ọdún 1973. Mo sì ti pinnu pé kó tó di ọjọ́ yẹn, èmi fúnra mi ni n ó sọ fún Mùyídéènì, ní ojúmọmọ, tí kò ní sí ẹlòmíràn. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu bí ẹni to ẹyin sínú igbá.

Àárín ìgbà náà ni àwọn ará Iléṣà ní àwọn fẹ́ yẹ́ ọmọ àwọn sí. Wọ́n ní kí Tíṣà wá fi Yorùbá ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé kan níbẹ̀. Àwọn àgbà yunifásítì tí yóò sọ bóyá yóò di ọ̀jọ̀gbọ́n tàbí kò ní dì í ń bọ̀ wá jókòó níwájú. Tíṣà bẹ ẹgbẹ́ wa pé kí a wá pàtẹ́wọ́ fún àwọn ènìyàn bí a ti ṣe lọ́jọ́ kìíní. Lọ́rì ló kó wa lọ. A kọrin títí ọ̀fun fi gbẹ, èmi àti Àgbékẹ́ sì jọ ń mu ìgò míńírà kan.

Gbọ̀ngàn kún. A pàtẹ́wọ́ játijàti, ó di ọ̀kan, ilé mì. Tíṣà fi iná ẹ̀rọ ju ìlà orí mi sára aṣọ funfun, ó fi ọ̀pá gígùn tọ́ka sí i, ó sọ bí ìṣirò òun ṣe lè mọ ibi tí ìlà náà yóò yí sí kó tó yí. Ó dùn mọ́ mi. Mo jókòó, mo ń wo orí ara mi lára ògiri, ayé kò mọ̀.

Ọkùnrin kan dìde níwájú. Dókítà Silas Adéjọbí ni, ọmọ Iléṣà náà, ó ń tọ́jú àwọn aláìsàn orí ní ìlú ńlá, kò sì fìgbà kankan gba iṣẹ́ Tíṣà gbọ́.

"Ọlọ́rundáre, o kú iṣẹ́. Ìlà yìí lẹ́wà. Ó tiẹ̀ ti lẹ́wà jù. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo ti àwọn aláìsàn mi, mi ò rí èyí tó mọ́ tóó báyìí rí. Orí ta ni? Àbí ẹ̀yin oníṣirò jókòó sílé, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì yà á?"

Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín.

"Orí ènìyàn ni, sà. Mo ti búra pé mi ò ní dárúkọ."

"Háà! O jẹ wá ní ìdáhùn, o wá ń fi ìbúra dí wa lójú? Ọmọ òṣómàáló ni mí o. Òṣó ni mo ló yìí!"

Dókítà bá ká ṣòkòtò sókè, ó lóṣòó sílẹ̀ níwájú gbogbo ayé, bí àwọn Ìjẹ̀ṣà aláṣọ àtijọ́ ṣe máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí á fi sanwó. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó gbọ̀ngàn. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àfi bí mo ṣe rí i pé àwọn àgbà yunifásítì kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn bọ́ awò ojú, ó ń wo Tíṣà. Òógùn ń ṣàn lọ́rùn Tíṣà. Mo ń sọ nínú mi pé, Tíṣà, ẹ má wo ibí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo ibí.

Ó wò mí.

"Raliat Mùtàlíbù. Jọ̀ọ́, dìde."

Mi ò dìde. Àgbékẹ́ fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi: "Kí ló ń pè ọ́ fún?"

"Dìde, má tijú. Wárápá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àìsàn ni." Ó na ọ̀pá gígùn yẹn láti ara ògiri wá sórí mi. "Orí òun nìyí, Dókítà. Ẹ bi í."

Ó ti sọ ọ́. Kò sí ohun tó kù láti bò. Bí mo bá jókòó, òpùrọ́ ni wọ́n máa pè é, iṣẹ́ rẹ̀ á sì bàjẹ́ níbẹ̀. Ọwọ́ yìí ló nu ẹnu mi lẹ́bàá kànga. Mo dìde. Mo ní, "Èmi ni. Orí mi ni."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Tíṣà ni wọ́n ń pa á fún. Dókítà Silas dìde lórí òṣó, ó na ọwọ́ sí i, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Nígbà tí mo jókòó, Àgbékẹ́ ti gbé ìgò míńírà náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ti sún lọ sí ìparí bẹ́ǹṣì, ó ń fi etí gèlè nu ètè.

A jáde. Àgbékẹ́ lọ bá Tíṣà lábẹ́ igi níta, mo tẹ̀ lé e.

"Tíṣà, ọ̀rọ̀ kan péré. Ọmọ tó bá bí ńkọ́?"

Ilẹ̀ tí a ti bí wa, gbogbo wa la mọ ìdáhùn ìbéèrè yẹn. Ọlọ́run ló mọ̀. Ẹni tí kò tilẹ̀ gbàgbọ́ máa sọ ọ́. Tíṣà ronú díẹ̀, ojú rẹ̀ sì tàn bí ẹni tó fẹ́ fúnni lẹ́bùn.

"Nínú ogún irú rẹ̀, bóyá ọmọ ọ̀kan tàbí méjì ló máa ní in. Ó kéré gan-an ni."

"Ọ̀kan tàbí méjì."

"Péré!"

"Ẹ ṣeun, Tíṣà."

Àgbékẹ́ lọ jókòó ti dẹ́rẹ́bà níwájú. Èmi wà lẹ́yìn. Láti Iléṣà títí a fi dé Òṣogbo, ẹnì kankan kò dá orin.

Àwọn àgbà ilé Mùyídéènì wá bá bàbá mi, wọ́n ní kí ọ̀rọ̀ náà ṣì sinmi ná. Gbogbo wa la mọ ìtumọ̀ ìsinmi. Mo lọ bá Mùyídéènì ní ṣọ́ọ̀bù. Kò gbójú sókè láti inú rédíò tó tú.

"Raliat, mi ò bá máà bínú. Àmọ́ gbogbo Iléṣà gbọ́ kí n tó gbọ́."

"Mò ń bọ̀ wá sọ fún ọ ni."

"Mo gbà ọ́ gbọ́," ló wí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í de rédíò náà padà.

Ibẹ̀ ló ti dùn mí jù lọ. Ọ̀rọ̀ tèmi ni. Èmi ni mo ni ín láti sọ.

Ní ọdún kejì, Tíṣà di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó wá sí Òkè Baálẹ̀, òun pẹ̀lú àgbà Ìjẹ̀ṣà méjì, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú àgbàlá. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà, kò jẹ́ ìkíni rẹ̀.

"Àpìkẹ́, ohunkóhun tí o bá fẹ́, màá ṣe é."

"Ẹ yọ orí mi kúrò nínú ìwé yín."

Ó gbé ojú sókè.

"Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ó ti wà ní ìlú òyìnbó, àwọn ẹlòmíràn ti ń kọ́ tiwọn lé e lórí. Tí mo bá yọ ọ́, gbogbo ìṣirò náà á wó. Kò ṣeé kó padà mọ́."

"Orúkọ mi ńkọ́?"

Tíṣà tún da ojú bolẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà wú ikọ́.

"Bí mi ò bá pè ọ́ lọ́jọ́ náà," ni Tíṣà wí, "iṣẹ́ gbogbo ọdún yẹn ni ì bá dànù. O mọ̀."

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi dìde nìyẹn. Àmọ́ ìwọ náà mọ̀ pé n ó dìde. Bí o bá rò pé n ó jókòó, o ò ní pè mí. O ti ṣírò mi, Ọlọ́rundáre. Orí mi nìkan ni mo yá ọ, o wá fi ojú àánú mi kún un."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo jẹ́ kó sun ún. Mo ní kí àwọn àgbà gbé e dìde, pé mi ò gbé e ṣépè, mi ò sì dárí jì í, kí wọ́n máa lọ kí oòrùn tó wọ̀. Bí wọ́n ṣe ń lọ ni orin yìí bọ́ sí mi lẹ́nu, ìyá mi ló sì gbè é:

Mo fi ọ̀rọ̀ sí ọ lọ́wọ́,
O tẹ́ ẹ sí gbangba ọjà,
Mi ò bú ọ, mi ò lù ọ́,
Mi ò ní fi sí ọ lọ́wọ́ mọ́.

Àgbékẹ́ kúrò lẹ́gbẹ́, àwọn yòókù kò kúrò. Àwọn kan kò gbà kí n mu omi nílé wọn, mo sì ń gbé omi tèmi kiri. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í wá, láti Ìdó-Ọ̀ṣun, láti ẹ̀yìn Ọjà Ọba, wọ́n á gbé ọmọ wọn tó ń ṣubú wá, wọ́n á bi mí níbi tí wọ́n ti ń gba oògùn. Àmínù, awakọ̀ kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, gbé ọmọbìnrin rẹ̀ wá bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́, ó ní òun fẹ́ fẹ́ mi. Mo bi í pé ṣé kò ní ṣe ìwádìí.

"Ìwádìí kẹ̀? Iléṣà ti bá mi ṣe é tán!"

Bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, ẹ̀rín ló fi mú mi. Nínú ọmọ mẹ́rin tí mo bí, ọ̀kan ní in. Ó ń lo oògùn tirẹ̀, ó sì ń bá ọkọ rẹ̀ jà bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe.

Ní 1978, Tíṣà rán mọ́tò sí mi. Wọ́n fẹ́ fi oyè kan dá a lọ́lá ní Iléṣà, ó ní kò sí ohùn tí òun tún fẹ́ gbọ́ lọ́jọ́ náà bí kò ṣe tèmi. Mo kí dẹ́rẹ́bà rẹ̀ dáadáa. Mo bu oúnjẹ fún un, mo fún un ní omi, mo kọrin fún un díẹ̀ bó ṣe ń jẹun. Ó jẹ, ó yó, ó nu ẹnu, ó wa mọ́tò òfìfo padà sí Iléṣà.